Amọ̀ Tó Ti Jóná Kì Í Padà Di Ẹrẹ̀

Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà, Sátidé

Ìpàdé parí. Ọ̀gbẹ́ni Kaluwa, aṣojú àwọn tó fẹ́ fún wa ní páànù àti símẹ́ǹtì fún yàrá sáyẹ́ǹsì, ní àwọn kò béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ ìlú ju bíríkì lọ, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti jóná, kó sì wà nílẹ̀ kí òjò ọdún tó dé. Bí òjò bá bá wa lórí bíríkì tútù, páànù ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lódìkejì odò. Láìsí yàrá yẹn, a kò lè ṣe ìdánwò físíìsì níbí. Láìsí físíìsì, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kò ní gbà mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí n má baà máa kọ ọ́ lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn ìpàdé, Tíṣà Mwalwanda kó àwa ọmọ físíìsì Sátidé jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Èmi nìkan ni mi ò wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ nínú wọn, torí mo ti jáde ilé-ẹ̀kọ́. Ó fi fídíò méjì hàn wá lórí fóònù rẹ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, ọmọ ayò méjì yí wá lórí tábìlì, wọ́n kọlu ara wọn, oníkálukú bá tirẹ̀ lọ. Ó tún un fi hàn, ó ní òun ti yí ọ̀kan nínú méjèèjì sẹ́yìn. Èwo ni? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Nínú ti kejì, bíríkì tútù kan já láti orí ògiri, ó fọ́ yángá. Nígbà tó yí i sẹ́yìn, èérún kóra jọ nílẹ̀, ó di bíríkì, bíríkì sì fò padà sórí ògiri. A rẹ́rìn-ín títí.

Fanizo tó ń gbẹ́ amọ̀ ti wá dúró lẹ́yìn wa.

"Tíṣà, ẹ yá mi ní fóònù yẹn. Ewúrẹ́ tí mo pa lọ́jọ́ Àjíǹde, mo fẹ́ kó jí padà."

"Kò burú. Kọ́kọ́ bì í ná."

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Tíṣà ní, "Ẹ gbọ́ o. Ọmọ ayò àti bíríkì, ohun kéékèèké tójú ò rí ló para pọ̀ di àwọn méjèèjì. Òfin ìrìn kan náà ló ń darí gbogbo wọn, òfin náà kò sì mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Kí ló dé tí ẹ ò mọ̀ ọ́n nínú ti ọmọ ayò, tí ẹ sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀ nínú ti bíríkì? Níbo ni ìgbà ti rí ọ̀nà kan ṣoṣo tó ń tọ̀?" Ó wojú mi. "Tiyese, tìrẹ nìyẹn. Má kánjú."

Ọjọ́ kejìlá

A bẹ̀rẹ̀ lónìí. Àwọn ọkùnrin ń gbẹ́ amọ̀ létí odò, wọ́n ń fẹsẹ̀ pò ó. Àwa obìnrin ń pọn omi, a sì ń mọ. Ìyá Ligomeka, alága wa, fún mi ní móòdù tèmi. Mo ń bu omi sí i nínú, mo ń wọ́n iyanrìn, mo ń da amọ̀ sí i, mo ń fi igi gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Ẹ̀gbẹ́ bíríkì mi gún.

"Tiyese, ṣé bíríkì lò ń mọ ni, àbí kéèkì ìgbéyàwó?"

"Bíríkì ni, mà."

"Mo rò pé o fẹ́ pè wá wá jẹ ẹ́ ni."

Usipa, ẹja kéékèèké wa, ti gbówó lórí lọ́jà. Ewé elégédé la fi jẹ nsima, òkèlè àgbàdo wa. Ó dùn, ebi ló sè é.

Ọjọ́ kọkànlélógún

Chiperoni, kùrukùru olómi ìgbà òtútù tí kì í ṣe òjò ọdún, ti sọ̀ láti orí òkè Mulanje. Kì í rọ̀, kì í dá. Ó kàn ń rin gbogbo nǹkan ni. Bíríkì kò gbẹ, aṣọ kò gbẹ. Ẹ̀yìn ń dun Màmá. Ó ní òtútù ni, ṣùgbọ́n omi tó ń rù ni.

Ọjọ́ kejì oṣù Keje

Kò sí iṣẹ́ nínú kùrukùru yìí. Mo mú atẹ ìfẹ́kà Màmá, mo fi ẹ̀wà méjì sí apá ọ̀tún, àgbàdo méjì sí apá òsì. Mo mi atẹ náà, mo wò ó. Mo mì í, mo wò ó. Kò pẹ́ tí ẹ̀wà méjèèjì fi tún bọ́ sí ọ̀tún, tí àgbàdo méjèèjì bọ́ sí òsì, bí mo ṣe tò wọ́n gan-an. Ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Bí ẹnìkan bá ya fídíò rẹ̀, ẹni tó ń wò ó kò ní lè sọ èyí tó ṣáájú.

Mo wá bu ẹ̀wà kún ife, mo bu àgbàdo kún ife, mo tò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo mì í. Wọ́n dàpọ̀. Mo mì í títí apá fi ń ro mí. Wọn ò padà, wọn ò tilẹ̀ ṣe bí ẹni fẹ́ padà.

Ẹ̀wà kan náà, atẹ kan náà, ọwọ́ kan náà. Kò sí òfin tó kọ̀ fún wọn láti padà. Ọ̀nà tí wọ́n fi lè wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló kéré. Ọ̀nà tí wọ́n fi lè dàpọ̀ kò lóǹkà. Ẹni tó bá ń rìn láìwo ibì kan pàtó, ibi tó fẹ̀ jù ni yóò bá ara rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, ibi tó fẹ̀ àti ibi tó há kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Bí wọ́n bá kún atẹ, ibi tó há ti sọnù bí abẹ́rẹ́ nínú oko tíì.

Bí èérún bíríkì ṣe rí nìyẹn. Hóró kan kò mọ ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Inú mi ń dùn ni Màmá wọlé.

"Ta ló da ẹ̀wà mi pọ̀ mọ́ àgbàdo?"

"Èmi ni, Màmá. Físíìsì ni."

"Físíìsì. Ó dáa. Kí físíìsì jókòó kó ṣà á. Àbí o rò pé bí wọ́n ṣe hù nínú oko nìyẹn, ẹ̀wà nínú agolo tirẹ̀, àgbàdo nínú tirẹ̀? Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kó wọn sọ́tọ̀."

Mo ṣà á títí oòrùn fi wọ̀. Nígbà tó yá, Màmá fa àga tirẹ̀ súnmọ́ mi, ó ń bá mi ṣà á, ó ń kọrin lábẹ́ imú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n pa ẹnu mọ́, kí n má ṣa òkúta mọ́ ẹ̀wà.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mi ò mọ bí màá ṣe kọ ọ́. Atẹ́gùn bá chiperoni dé lánàá. Ó ká koríko tí a fi bo bíríkì, ó kó o dà sínú odò, omi sì rọ̀ lé bíríkì lórí láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ ti yọ́. Ibi tí mo to tèmi sí, ẹ̀gbẹ́ tó gún yẹn ti rọ̀ bí ìpara. Bí mo ṣe ń wò ó, ó ń ṣàn.

A dúró yí i ká bí ẹni dúró ti òkú. Màmá jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, kò tilẹ̀ fa chitenje tó ró mọ́dìí sókè. Ìyá Ligomeka bẹ̀rẹ̀, ó bu ẹrẹ̀ sọ́wọ́.

"Ẹ gbọ́. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Amọ̀ náà rèé níwájú wa, kò lọ ibì kan. Ẹ dìde."

Kò sẹ́ni tó dìde lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lọ sílé.

Ogúnjọ́, Sátidé

Fanizo kò jẹ́ kí Tíṣà jókòó.

"Tíṣà, ẹ ní ìgbà kì í padà sẹ́yìn. Ẹ wá wò ó. Ẹrẹ̀ di bíríkì, bíríkì ti padà di ẹrẹ̀. Oṣù Kẹfà la tún wà yìí."

"Ṣé ìwọ náà ti padà sí bó o ṣe wà lóṣù Kẹfà?"

Fanizo wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Rárá o. Èmi ti bó."

"Tiyese, gbé ọwọ́ Fanizo sínú ìṣirò rẹ."

Mo gbé e sí i. Mo ń wá ibi tó jókòó sí.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹjọ

Chiperoni ti lọ. Oòrùn funfun, ilẹ̀ gbẹ. Àwọn tí a tún mọ ti pọ̀ ju àwọn tó yọ́ lọ. Àwọn ọmọ ìjọ òkè odò wá ràn wá lọ́wọ́ láìjẹ́ pé a pè wọ́n, wọ́n sì gbé oúnjẹ tiwọn dání. Mo kọ ọ́ síbí kí n má gbàgbé ojú wọn.

Mo ti rí ibi tí ọwọ́ Fanizo jókòó sí. Amọ̀ yẹn kan náà ni a tún mọ. Bí ènìyàn bá wo bíríkì nìkan, á ní nǹkan tó dàrú ti tún tò. Ṣùgbọ́n kò tò lọ́fẹ̀ẹ́. Àgbàdo tó wà nínú àpò Màmá ti di nsima, nsima ti di agbára, agbára ti di òógùn, òógùn ti bá atẹ́gùn lọ. Igi tí a fi sè é ti di eérú àti èéfín. Ètò tí a dá padà sínú móòdù kékeré yìí, ìdàrúdàpọ̀ tó jù ú lọ ti ṣẹ̀ níbòmíràn nítorí rẹ̀. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò sí ohun tó padà sẹ́yìn.

Mo sọ fún Màmá bí a ṣe ń jẹun. Ó ní, "Ìyẹn ni pé bí mo bá gbálẹ̀ ilé, mò ń ba ayé jẹ́?"

"Díẹ̀, Màmá."

"Inú mi dùn pé ìwọ lo gbálẹ̀ lónìí."

Ọjọ́ kẹrìnlélógún, Sátidé

Mo gbé atẹ lọ sábẹ́ igi máńgòrò, mo ro tẹnu mi fún Tíṣà. Ó pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó bu ẹ̀wà àti àgbàdo sórí atẹ, ó dà wọ́n pọ̀ díẹ̀, kò dà wọ́n pọ̀ tán.

"Ká ní mo wọlé, mo bá a báyìí. Báwo ló ṣe máa rí lọ́la bí o bá ń mì í?"

"Á dàpọ̀ sí i, sà. Ìdàpọ̀ ló fẹ̀."

"Báwo ló ṣe rí lánàá?"

"Ó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ju báyìí lọ."

"Ta ló sọ fún ọ? Ìṣirò rẹ kò mọ àná yàtọ̀ sí ọ̀la. Bí ìdàpọ̀ bá fẹ̀ lọ́la, ó fẹ̀ lánàá pẹ̀lú. Ìṣirò yìí kan náà ló sọ pé àná gbọ́dọ̀ ti dàpọ̀ ju báyìí lọ."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ilẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Mo gbé atẹ mi relé, inú ń bí mi sí ẹ̀wà.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo ń fọ ìkòkò létí odò ni ohùn Màmá wá sí mi létí, ohùn ọjọ́ tó ń bínú: èmi ni mo fọwọ́ ara mi kó wọn sọ́tọ̀.

Ìṣirò kọ́ ló sọ bí àná ṣe rí fún mi. Ohun tó sọ ọ́ ni pé ẹnìkan ti tò ó kí mímì tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn kò sí nínú mímì. Ó wà nínú bí nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ há, gbogbo ohun tó tẹ̀lé e ń lọ síbi tó fẹ̀, ohun tí à ń pè ní "lẹ́yìn ìgbà náà" sì ni apá ibi tó fẹ̀.

Màmá ló tò ti inú atẹ. Ta ló wá tò ti ayé? Mi ò tíì mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sí i. Mo jẹ́ kí ìkòkò kan bá omi lọ, mo sáré lé e.

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹsàn-án

Ooru. Bíríkì ti gbẹ dénú. Bàbá Nankhumwa, tó mọ iná bíríkì ju gbogbo ẹni tó wà lágbègbè yìí lọ, dé láti Phalombe pẹ̀lú àpò kan àti ọ̀pá. Ó ń rìn láàrin bíríkì, ó ń fi ìka kàn wọ́n. Lẹ́yìn náà ó pe gbogbo wa, ó ka òfin rẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí mo bá tanná títí di ọjọ́ tí mo bá dí ojú ààrò, tọkọtaya tó bá sùn pọ̀, kí wọ́n má sún mọ́ iná mi. Bíríkì á jóná lápá kan, á tutù lápá kejì. Mo ti rí i rí."

"Bàbá, ẹ ti sọ gbogbo ìlú di ilé àwọn sísítà Àgùdà," ni Ìyá Ligomeka wí.

Mo wo Tíṣà bóyá yóò jiyàn. Kò jiyàn. Ó ní òun á máa sùn ní ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n má lọ di ẹ̀bi ru físíìsì bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá

Ààrò ti dúró. A to bíríkì fúnra rẹ̀ di ààrò, ó ga ju orí ènìyàn lọ, pẹ̀lú ihò iná nísàlẹ̀, a sì fi ẹrẹ̀ rẹ́ ara rẹ̀ yíká. Igi bulugamu tí a ó fi dáná ti dé láti etí oko tíì. Àwọn obìnrin ta thobwa, ohun mímu àgbàdo, lọ́jà ní ọjọ́ ọjà mẹ́ta tẹ̀léra kí a lè san owó rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ kò gba owó ọkọ̀, ó ní kí a bu thobwa fún òun, ó sì mu ún débi tó fi jókòó kí ara rẹ̀ tó balẹ̀. Ọlọ́run á san án fún un.

Ìkùukùu funfun kan dúró lórí òkè. Bàbá Nankhumwa ní kí a má wò ó.

Ọjọ́ kẹrin

Iná ti ń jó láti àná. Ọkọ Ìyá Ligomeka ló yẹ kó ko iná láàárọ̀ yìí. A retí, a retí. Nígbà tó yá, Ìyá Ligomeka fúnra rẹ̀ yọ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò kọjá ìdí igi góbà. Ibẹ̀ ló dúró sí, ó ń kígbe bí a ó ṣe ṣe oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́.

Bàbá Nankhumwa ní, "Alága, ẹ sún mọ́ wa ká lè gbọ́ yín."

"Ibi tí mo wà dára."

"Ọkọ yín ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ ń dùn ún."

"Ẹsẹ̀," ni Fanizo wí, ó sì kó ọwọ́ bo ojú. Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Màmá rẹ́rìn-ín débi tó fi di igi mú. Ìyá Ligomeka náà bú sẹ́rìn-ín níbi tó wà, ó ju ewé góbà lù wá, kò sì lè jù ú dé ọ̀dọ̀ wa. Fanizo ko iná ti ènìyàn méjì lónìí. Ó ní àwọn kan ń gbádùn, òun ni òun ń làágùn rẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán mo jókòó síbi tí ooru ti ń bá mi lójú. Ooru ń ti inú igi lọ sínú bíríkì, láti inú bíríkì sí ojú mi, láti ojú mi sí afẹ́fẹ́. Mo ń wò ó bóyá yóò padà sẹ́yìn. Kì í padà. Igi yìí, oòrùn ló bọ́ ọ. Oòrùn náà, ohun gbígbóná kan ṣoṣo ni nínú òfuurufú tútù, bí iná kan nínú pápá. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi lè fún wa ní nǹkan. Bí òfuurufú bá gbóná bí oòrùn, bí gbogbo rẹ̀ bá ti dàpọ̀ tán, oòrùn kò ní lè hu koríko kan. Iná yìí kò ní lè sun bíríkì kan.

Bí nǹkan kò bá tíì dàpọ̀ tán, nǹkan ṣì lè ṣẹlẹ̀. Àárín ìgbà yẹn ni wọ́n bí mi sí.

Ọjọ́ kẹfà

Wọ́n ti dí ihò iná. Ara ààrò ń gbóná, kò ṣeé fọwọ́ kàn. Àrá sán lórí òkè ní ìrọ̀lẹ́. Gbogbo wa ní kí a ṣí i, kí a kó bíríkì jáde kí òjò tó dé. Bàbá Nankhumwa fi àga rẹ̀ sí iwájú ààrò, ó jókòó.

"Ẹ jẹ́ kí ooru jáde bó ṣe fẹ́ jáde. Bí ẹ bá fi afẹ́fẹ́ tútù lù ú lójijì, á sán. Ẹ ó ṣa èérún."

"Bí òjò bá dé ńkọ́, Bàbá?"

"Ẹ̀yin lẹ ń bá òjò jà. Èmi ò bá a jà."

Òjò kò dé. Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo mọ̀ pé àrá kò gbọ́ mi. Mo dúpẹ́ síbẹ̀.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

A ṣí i!

Ti ìta kò jóná dáadáa, àwọ̀ rẹ̀ rí bí ti ẹ̀pà sísè. A kó o sọ́tọ̀ fún ilé ìdáná. Ti inú pọ́n. Bàbá Nankhumwa mú méjì, ó fi wọ́n lu ara wọn, ohùn rẹ̀ dún bí agogo ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn obìnrin pariwo ayọ̀. Ìyá Ligomeka sún mọ́ wa lónìí.

Mo rí bíríkì kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé tèmi ni.

Ọjọ́ kọkàndínlógún, Sátidé

Mo sọ fún Tíṣà pé mo ti rí i: ìgbà ní ọ̀nà kan nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ há. Kì í ṣe òfin ìrìn ló fún un ní ọ̀nà. Ayé bẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ń lọ síbi tí ọ̀nà pọ̀ sí, àwa àti oòrùn àti ààrò sì wà lójú ọ̀nà yẹn. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ohun tó fà á tí ìbẹ̀rẹ̀ fi há bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó kọ́ mi ò mọ̀ ọ́n. Kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n."

"Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ sì fún mi ní ìbéèrè náà?"

"Mo fẹ́ kí o dé ibẹ̀ pẹ̀lú wa."

Mo rò pé inú á bí mi. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá fa àga fún ènìyàn láàrin àwọn àgbà.

Ọ̀gbẹ́ni Kaluwa ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo bíríkì ní Túsìdeé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí. Ojú ọ̀run ń ṣú lójoojúmọ́.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, Túsìdeé

Òjò àkọ́rọ̀ ló jí wa. Kò sẹ́ni tó ronú. Gbogbo ìlú sáré jáde pẹ̀lú chitenje, ẹní, koríko àti ọ̀rá, a ń bo bíríkì. Èmi tí mo ti ro ìgbà àti ayé já, mo ká aṣọ ìbora mi lórí ibùsùn, mo sáré, mo tẹ́ ẹ lé wọn lórí. Ìyá Ligomeka na apá méjèèjì sórí òkìtì kan bí adìẹ. Oṣù púpọ̀ la ti ń sáré fún bíríkì bí ìkùukùu bá ti ṣú. Ẹsẹ̀ wa kò tíì gbọ́ pé ó ti jóná.

Báyìí ni Ọ̀gbẹ́ni Kaluwa ṣe bá wa. Ó sọ̀ lórí alùpùpù rẹ̀, ó wò wá títí.

"Ẹ ránṣẹ́ pé ó ti jóná."

"Ó ti jóná, sà," ni Tíṣà wí.

"Kí lẹ wá ń bò sí?"

Bàbá Nankhumwa dé, ó rí wa, ó ká ọwọ́ lérí. "Bíríkì tèmi ni wọ́n dá aṣọ bò? Wọ́n ti bú mi!"

"Bàbá, mo ti rí irú èyí rí," ni Ọ̀gbẹ́ni Kaluwa wí. "Wọ́n á to èyí tó jóná síwájú, wọ́n á fi aṣọ bo tútù lẹ́yìn. Ìlú mìíràn ń dúró de páànù yìí." Ó ti ń gbé akoto rẹ̀ padà sórí.

Mo wo Màmá. Ó ṣì di ẹní mú lórí bíríkì. N kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Mo gbọ́ ohùn mi: "Ẹ ká gbogbo rẹ̀ kúrò." Mo fa aṣọ ìbora mi. "Màmá, ẹ ká a. Kí gbogbo rẹ̀ gba òjò. Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró, kí ẹ wo omi tó ń jáde lábẹ́ wọn, bóyá ẹrẹ̀ ni."

Wọ́n ká a. Òkìtì gbogbo wà níhòòhò nínú òjò, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ọ̀gbẹ́ni Kaluwa lọ sẹ́yìn pátápátá, ó lóṣòó. Omi àkọ́kọ́ dúdú. Mo rí i tó fajú ro. Àmọ́ eérú ààrò ni. Òjò ń lù wọ́n, ó ń lù wá, kò sẹ́ni tó kúrò. Lẹ́yìn náà omi tó ń ṣàn lábẹ́ bíríkì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Ó mọ́ títí mo fi rí iyanrìn nísàlẹ̀ rẹ̀. Bíríkì pọ́n sí i, ẹ̀gbẹ́ wọn kò yí padà.

Ó fa ọ̀kan yọ nísàlẹ̀, èyí tó rin jù. Ó jù ú lu òkúta. Ó dún. Kò fọ́.

Ó nu ojú rẹ̀. "Páànù á dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ fi aṣọ yín bo ara yín."

Mi ò lè kọ ariwo tó ṣẹlẹ̀. Fanizo gbé Bàbá Nankhumwa sókè, bàbá ń fi ọ̀pá lù ú lẹ́yìn pé kó sọ òun kalẹ̀. Màmá wá dúró tì mí, ó fi chitenje rẹ̀ tó rin nu orí mi tó rin, kò sì wúlò fún nǹkan kan, ó ń nù ún síbẹ̀.

Ní ọ̀sán Tíṣà kọ orúkọ àwọn tó máa ṣe físíìsì lọ́dún tó ń bọ̀. Ó béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ bàbá mi, mo sọ fún un, ó kọ ọ́.

Aṣọ ìbora mi ń kán sílẹ̀ lórí okùn, òtútù sì ń mú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Òjò kò tíì dá. Àná ti lọ, ti oṣù Keje náà ti lọ pẹ̀lú ẹrẹ̀ rẹ̀, kò sì sí fóònù tó lè dá èmi tàbí bíríkì wọ̀nyẹn padà síbẹ̀. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn ju gbogbo rẹ̀ lọ.